Bí wọ́n bá ní kí n wá jagun tí ọkàn mi kò gbà ńkọ́?

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọdún kìíní ni mo wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Houston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ mi ò tíì pé oṣù mẹ́rin tí màmá mi fi gbé mi padà wá sí Bódìjà, mi ò sì fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Oṣù yìí ni mo pé ọmọ ọdún 18. Àǹtí mi tó wà lọ́hùn-ún ní dandan ni kí n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó èèyàn lọ ṣe sójà, pé bí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ wọ́n á mú mi ní pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ tí mo bá dé. Mi ò gba ti àwọn ogun tí orílẹ̀-èdè yẹn ń jà. Dádì ní kí n buwọ́ lù ú kí n dákẹ́, pé ẹni tó bá gba páásípọ̀ọ̀tù ti gba gbogbo ohun tó so mọ́ ọn. Pásítọ̀ wa náà ní kí n gbọ́ràn sí àwọn aláṣẹ lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n ṣe? Àbí ojo ni mí ni?”

Ọmọ mi, èyí tó o fi parí lẹ́tà rẹ ni màá kọ́kọ́ dáhùn: o kì í ṣe ojo. Ojo kì í dúró béèrè, ẹsẹ̀ ló máa ń fi fèsì. Ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni pé o di ọ̀rọ̀ ìwé àti ọ̀rọ̀ ọkàn sínú ẹrù kan, o gbé e ka orí, ó wá ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Jẹ́ ká sọ ọ́ kalẹ̀ ká tú u. Ó ti lé lọ́dún 27 tí mo ti ń ṣe lọ́yà ní Ìyágànkú níbí, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn ọmọ bíi tìẹ ti ń pọ̀ sí i lọ́fíìsì mi, àwọn tí ìyá wọn wọ bàlúù lọ bí ní Texas tàbí Maryland, tí wọ́n sì fi àmàlà àti gbẹ̀gìrì tọ́ dàgbà ní Bódìjà àti Jẹ́ríkò. Ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé ni wọ́n sábà máa ń bá wá, tàbí ti páásípọ̀ọ̀tù tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ogun ṣọ̀wọ́n. Mi ò tíì rí òbí kan tó rántí béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Àǹtí rẹ kò parọ́ o, ó kàn bu omi kún un ni. Òótọ́ ni pé òfin Amẹ́ríkà ní kí gbogbo ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Selective Service, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ sí ìgbà tó bá pé ọmọ ọdún 18. Ì báà jẹ́ Ìbàdàn ló ń gbé, ì báà ní páásípọ̀ọ̀tù méjì, òfin náà kàn án. Kò kan àwọn obìnrin, torí náà bó o bá ní àbúrò obìnrin tí wọ́n bí síbẹ̀, kó máa sùn ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kéèyàn kọ orúkọ sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kó wọ aṣọ sójà. Láti 1973 ni wọn kò ti fi dandan mú ẹnikẹ́ni wọ iṣẹ́ ológun mọ́ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ ló ń lọ, wọ́n sì ń san owó oṣù fún un. Ní 1975 wọ́n tilẹ̀ dá ìforúkọsílẹ̀ pàápàá dúró. 1980 ni wọ́n tún gbé e dìde, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Soviet ti wọ Afghanistan. Fi wé ìgbà tí ẹgbẹ́ àdúgbò bá lọ kọ orúkọ gbogbo ọkùnrin ojúlé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nítorí ọdẹ òru, tí ọdẹ náà kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó lè pe ẹyọ ẹnì kan nínú ìwé yẹn, àwọn aṣòfin wọn ní láti kọ́kọ́ ṣe òfin tuntun, kí ààrẹ sì buwọ́ lù ú.

Ti pápákọ̀ òfuurufú yẹn, àsọdùn ni. Lórí ìwé, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti forúkọ sílẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún 5 jura, kó sì tún san ìtanràn tó lè tó 250,000 dọ́là. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, láti àárín àwọn ọdún 1980 ni wọn kò ti gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́ nítorí rẹ̀ mọ́. Ìyà tó wà níbẹ̀ gan-an, jẹ́jẹ́ ló ń wá. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn á fò ọ́ dá. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń fi du èèyàn ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Bó o bá sì ti pé ọmọ ọdún 26, wọ́n ti tilẹ̀kùn nìyẹn, wọn kò ní gba orúkọ rẹ mọ́ bó o tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọkùnrin kan wá bá mi bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún 31, nọ́ọ̀sì ni, ó ti rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wọn, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé òfin kan wà. A wá di ẹni tó ń kó ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama jọ láti fi hàn pé Ìbàdàn ló ti gbé gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Oṣù méje gbáko la fi lé e kiri. Ìwọ kò ní lè sọ pé o kò mọ̀. O ti kọ ọ́ sí mi.

Ká wá ní ọjọ́ burúkú náà dé, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn. Gègé ni wọ́n máa ṣẹ́ lórí ọjọ́ ìbí. Àwọn tó ń pé ọmọ 20 ọdún lọ́dún náà ló máa ṣíwájú, àwọn ọmọ 21 títí dé 25 á tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ 19, àwọn ọmọ 18 ló máa kẹ́yìn. Ẹni tí gègé bá mú ṣì lè sọ pé ẹ̀rí ọkàn òun kò gba òun láyè. Yóò dúró níwájú ìgbìmọ̀ àdúgbò kan, àwọn ará ìlú lásán ni wọ́n, wọn kì í ṣe sójà, wọ́n á sì bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbà á gbọ́, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni tí kò kọ aṣọ ológun, tó jẹ́ pé ìbọn ni kò fẹ́ dì mú, wọ́n á fún un níṣẹ́ tí kò ní ìbọn nínú. Ẹni tó kọ aṣọ náà pàápàá, iṣẹ́ tó ṣe ará ìlú láǹfààní ni wọ́n á mú un ṣe, oṣù 24 ló sì sábà máa ń jẹ́. Kò dìgbà tó bá jẹ́ ọmọ ìjọ kan. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ ti sọ ọ́ ní 1965, ó tún sọ ọ́ ní 1970, pé ìgbàgbọ́ tó ti inú ọkàn wá, tó sì di ẹni náà mú bí ẹ̀sìn ṣe ń di ẹlẹ́sìn mú, tó.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kó o ti fara balẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ wà. Padà lọ ka ohun tó o kọ. O ní o kò gba ti àwọn ogun tí orílẹ̀-èdè yẹn ń jà. O kò sọ pé o kò ní jagun kankan láéláé. Bí àwọn ajínigbé bá ya wọ Bódìjà lóru òní, tí wọ́n ń fa àbúrò rẹ lọ, ṣé o ò ní mú igi? Bó bá jẹ́ pé wàá mú un, a jẹ́ pé o kò kórìíra gbogbo ogun, àwọn kan lo kórìíra. Ní 1971, ilé ẹjọ́ kan náà dájọ́ pé ẹni tó bá kọ ogun kan ṣùgbọ́n tó lè ja òmíràn kò ní ẹ̀tọ́ sí ààbò tí mo ṣàlàyé yẹn. Ẹni tó kọ gbogbo ogun ló wà fún. Ẹni tó ń ṣa ogun bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, tó ń ju òkúta nù, ìta ló wà. Lójú tèmi, ìdájọ́ yẹn kò tọ́. Ẹni tó ń ṣà á ló ronú jù. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é: bí wọ́n bá gba ẹni tó ń ṣà á láyè, ogun tí kò gbajúmọ̀ kò ní rí ẹni jà á, kò sì sí ìjọba tó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

O ti gbọ́ orúkọ Muhammad Ali, akànṣẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà nì. Houston tí wọ́n bí ọ sí yẹn gan-an ló ti ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1967. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ pé kó bọ́ síwájú kó lè di sójà, kó lọ sí ogun Vietnam, ó sì dúró gbagidi. Àwọn tó ń darí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 5 àti ìtanràn 10,000 dọ́là fún un. Kò dé ẹ̀wọ̀n nítorí pé ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó lé lọ́dún mẹ́ta tí kò fi kan ẹ̀ṣẹ́ kankan, lásìkò tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1971, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé ìdájọ́ náà. Àwọn èèyàn máa ń sọ ìtàn yìí bíi pé òtítọ́ ló borí. Rárá o. Àṣìṣe inú ìwé ló gbà á sílẹ̀: ìgbìmọ̀ tí kò gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pé ẹ̀rí ọkàn òun kò gba ogun kò sọ ìdí tí wọn kò fi gbà á. Ilẹ̀kùn tó gbà jáde kò ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ: láti ọmọ ọdún 18 ni Ali ti forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é ló tó kọ̀.

Kó o má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ìlú tá a ń gbé yìí, ibùdó ogun ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ti bá irú ìbéèrè rẹ yìí pàdé. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, tí wọ́n fi Àrẹ̀mọ rẹ̀ Adélù jọba, Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ láti gbà á lọ́ba, ó ní àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ lọ. Àwọn ìjòyè Ìbàdàn jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Ògúnmọ́lá fẹ́ ogun. Ìbíkúnlé, Balógun gan-an, ẹni tí ogun wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fẹ́ ẹ. Àwọn òpìtàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wá ọ̀nà àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ìlú pinnu, ó sì lọ. Ó ṣíwájú ogun náà, ó jà á bí akọni, ní 1862 Ìjàyè sì tú pátápátá, títí dòní ni àwọn ọmọ Ìjàyè wà káàkiri Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn níbí. Mo máa ń gba Ayéyé kọjá, níbi tí ilé rẹ̀ wà, mo sì máa ń bi ara mi bóyá ọkùnrin yẹn sùn gbádùn. Bóyá ó rò pé bí òun bá wà níbẹ̀, òun á lè dá ọwọ́ àwọn tó le ju òun lọ dúró. Bóyá orin èébú tí wọ́n á kọ sí Balógun tó kọ ogun ló bà á lẹ́rù. Ohun tó dá mi lójú ni pé àtakò inú rẹ̀ kò gba ilé kan ṣoṣo sílẹ̀ ní Ìjàyè. Ẹni tó bá ń sọ fún ọ pé kó o lọ, kó o kàn fi ọkàn rẹ sílẹ̀ nílé, bi í léèrè ohun tí ọkàn Ìbíkúnlé ṣe fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan jagun Bóma. Wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n fi orí ru ẹrù ogun nínú igbó àfonífojì Kaladan, nítorí ọkọ̀ kò lè gbabẹ̀. Obì ni wọ́n ń tà lọ́jà Ọjà'ba nígbà tí mo wà ní kékeré, wọn kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ ogun. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀rù ló dun àwọn jù. Wọ́n ní, “Wọ́n kó wa lọ gba ilẹ̀ onílẹ̀ padà fún òyìnbó, tiwa sì wà lọ́wọ́ òyìnbó kan náà. Kò sí ẹni tó bi wá.” Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka obì wọn lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ojúṣe ni ogun, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni: ta ni wọ́n bi?

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dádì rẹ. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí, má ṣe fojú kéré rẹ̀. Ìwọ kọ́ lo yan Houston, ìkókó kì í yan ibi tí wọ́n máa bí i sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó o bá fi páásípọ̀ọ̀tù yẹn lọ kàwé lọ́hùn-ún ní iye owó tí ọmọ onílẹ̀ ń san, o ti yàn án nìyẹn, o kò sì lè jẹ oyin kó o máa bú oyin. Mo gbà bẹ́ẹ̀ dé ibi owó orí, dé ibi kéèyàn pa òfin mọ́, dé ibi kéèyàn forúkọ sílẹ̀ pàápàá. Mi ò gbà á dé ibi pípa èèyàn. Bí ìjọba bá gba owó lọ́wọ́ rẹ láìtọ́, ó lè dá a padà lọ́la. Ti pásítọ̀, ẹsẹ̀ Bíbélì tí wọ́n mú jáde wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn àpọ́sítélì náà sọ fún àwọn aláṣẹ lójúkojú pé ti Ọlọ́run làwọn máa gbọ́. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà gbé ọ dé ibi ìforúkọsílẹ̀, kó má sì gbé ọ kọjá ibẹ̀.

Ibi tí mi ò ti ní ìdáhùn tó mọ́ ni èyí: bí ìwọ bá kọ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n máa mú. Nígbà ogun Vietnam, àwọn tó wà ní yunifásítì máa ń rí ààyè sún ti wọn síwájú, ọmọ tálákà tí kò rí ilé ìwé lọ ló ń lọ. Ọmọ tó ní lọ́yà, tó ní bàbá ní Bódìjà, á rí ọ̀rọ̀ sọ níwájú ìgbìmọ̀. Ọmọ mẹkáníìkì kò ní rí i sọ. Mi ò sọ èyí láti yí ọ lọ́kàn padà. Mo sọ ọ́ kó o lè mọ̀ pé kíkọ̀ náà ní ẹni tó ń sanwó rẹ̀, kì í sì í ṣe ìwọ nìkan. Níbí lọ́dọ̀ wa, kò sí òfin tó ń fi dandan mú èèyàn ṣe sójà báyìí. Apá 220 nínú ìwé òfin 1999 fi àyè sílẹ̀ fún un bí àwọn aṣòfin bá fẹ́, apá 34 sì dárúkọ àwọn tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò gbà á, pé a lè fún wọn níṣẹ́ mìíràn dípò rẹ̀. Síbẹ̀, láàárín 1967 sí 1970, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ fi bí 10,000 di bí 250,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ. Ebi lè kó èèyàn lọ ju òfin lọ. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó lọ wáṣẹ́ ní Rọ́ṣíà ní àwọn ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí, tí wọ́n buwọ́ lu ìwé tí wọn kò lè kà, tí wọ́n sì bá ara wọn lójú ogun Ukraine, kò sí gègé tó mú wọn. Bó o bá ní ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń ṣèlérí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kánjú ju tìẹ lọ.

O lè máa ronú pé o ò kúkú ní fẹ́ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà mọ́. Ó ṣeé ṣe. Bí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni ọ́ láti inú oyún, o kò ní di aláìnílùú. Ṣùgbọ́n èèyàn fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ búra fún un níwájú àwọn aṣojú wọn, bó bá sì ti ṣe é tán, kò ṣeé yí padà. Mi ò ní gba ọmọ ọdún 18 nímọ̀ràn kó ti ilẹ̀kùn kan títí láé nítorí ogun tí wọn kò tíì pè é sí.

Bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni ọ́, màá ní kó o forúkọ sílẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹ̀rí ọkàn lórí fọ́ọ̀mù náà, má wulẹ̀ wá a. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan náà, mú ìwé, kó o fi ọwọ́ ara rẹ kọ ohun tó o gbà gbọ́, kọ déètì sí i, buwọ́ lù ú, kó o fún ẹnì kan tó mọ̀ ọ́ láti kékeré ní ẹ̀dà kan pa mọ́. Má kọ ọ̀rọ̀ òṣèlú, wọn kò ní kà á sí. Kọ nípa ara rẹ: ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí lo máa ṣe bí wọ́n bá fi ìbọn lé ọ lọ́wọ́. Bó o bá ń kọ ọ́ lọ tó o rí i pé ogun kan wà tó o lè jà, kọ ìyẹn náà. Má ṣe parọ́ fún ìgbìmọ̀ kankan nítorí ààbò. Kàn mọ̀ pé òfin wọn kò ní bò ọ́, àfi kó o ṣe tán láti san ohun tí Ali san, láìsí orúkọ Ali. Ẹni tí wọ́n pè sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà ni mí, mi kì í ṣe lọ́yà Texas, wọ́n sì máa ń tún òfin ìforúkọsílẹ̀ yìí ṣe, torí náà yẹ ojú ewé iléeṣẹ́ náà fúnra wọn wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó o tó ṣe ohunkóhun. Mi ò sì tíì dúró rí níbi tí wọ́n ti pe orúkọ mi.

Ọgbọ̀n ọjọ́ tìẹ kò tíì pé. Bó bá tiẹ̀ kọjá, wọ́n ṣì máa ń gba orúkọ ẹni tó pẹ́, kó ṣáà má tíì pé ọmọ 26. Jókòó ti dádì rẹ lọ́sẹ̀ yìí, kó o ka ohun tó o kọ sí wọn létí. Bí wọ́n bá bínú, ẹ jọ máa bọ̀ ní Ìyágànkú. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀.